Ìwà Àgbà, Orí Ọmọ

Àwọn àgbà kò ní ká má sunkún. Ohun tí wọ́n ní ni pé bí a bá ń sunkún, ká máa ríran. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni wúwo. Ó gbà pé ìbànújẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí ibi bá dé bá. Síbẹ̀ kò gbà pé ẹ̀tọ́ náà pa ojúṣe rẹ́. Kí wá ni ẹni tó ń sunkún gbọ́dọ̀ rí? Ṣé ọ̀nà tó wà níwájú ara rẹ̀ nìkan ni, àbí ẹlòmíràn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí ẹni méjì bá ń sunkún, tí ọ̀kan ń ríran, tí èkejì kò ríran, ṣé ìbànújẹ́ ọ̀kan ló pọ̀ ju ti èkejì lọ ni, àbí ìwà wọn ló yàtọ̀?

Sinimá kan wà tó gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ láìpa òwe kankan. An Cailín Ciúin ni orúkọ rẹ̀, Colm Bairéad ló darí rẹ̀, ọdún 2022 ló jáde. Ìwé kékeré tí Claire Keegan kọ ní 2010, Foster, ni wọ́n gbé e kà. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Hollywood ń ná, èdè ìbílẹ̀ Írẹ́lándì, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ náà kò fi sọ̀rọ̀ nílé mọ́, ni wọ́n sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó dé ìdíje Oscar ti 2023, òun ni fíìmù àkọ́kọ́ lédè náà tí wọ́n yàn sí ìsọ̀rí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ìgbà ooru ọdún 1981, ìyá kan lóyún, ọmọ ti pọ̀ nílé, ọkọ rẹ̀ sì ta tẹ́tẹ́ títí tó fi pàdánù màlúù. Wọ́n wá gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wọn, Cáit, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ sọ́dọ̀ ìbátan ìyá rẹ̀ kan, Eibhlín, àti ọkọ rẹ̀, Seán, tí wọ́n ń sin màlúù ní agbègbè Waterford. Ó wà níbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi bímọ, tí ilé-ìwé sì fẹ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà.

Ilé méjì ni fíìmù náà fi hàn wá, méjèèjì ló sì ń sunkún. Ilé àkọ́kọ́ kún fún ariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì níbẹ̀. Ó ti rẹ ìyá, iṣẹ́ oko ń dúró dè wọ́n, bàbá sì ń wọlé ń jáde bí ẹni tí ilé náà jẹ ní gbèsè. Cáit ti kọ́ bí a ṣe ń fara pamọ́: nínú koríko gíga, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ẹnu tí kò yà. Ilé kejì mọ́, ó tò, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí Eibhlín àti Seán bí ti kú. Ajá ni ọmọkùnrin náà ń tẹ̀ lé tó fi kó sí kòtò tí wọ́n ń da ìgbẹ́ màlúù sí. Bí a bá fi ìwọ̀n wọn ìbànújẹ́, ti ilé kejì yìí ni yóò tẹ̀wọ̀n jù. Ẹni tó bá gbà pé ìyà ló ń sọni di ìkà yóò retí pé ibẹ̀ ni ojú ọmọ àlejò yóò ti rí màbo. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a lè dì mú nìyẹn: ìbànújẹ́ máa ń ṣẹlẹ̀ síni, ìwà ni a fi ń dá a lóhùn, kò sì sí òfin tó ní irú ìbànújẹ́ kan gbọ́dọ̀ bí irú ìwà kan.

Níbo ni ìyàtọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn? Kì í ṣe nínú ìfẹ́, nítorí ìfẹ́ kò tíì sí láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Nínú rírí ni. Bàbá Cáit gbé e dé, ó jẹun tán, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ, báàgì aṣọ ọmọ sì wà nínú mọ́tò náà. Kò ṣe é láti fi jẹ ọmọ níyà. Kò rántí ni. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé yẹn gan-an ni ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bẹ́ẹ̀dì ti tutù. Ọmọ náà dúró, ó ń retí ohun tí ojú rẹ̀ máa ń rí. Àwa náà mọ̀ ọ́n ní agboolé wa: wọ́n á gbé ẹní lé atọ̀ọ́lé lórí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa kọrin tẹ̀ lé e kiri. Eibhlín wo fọ́ọ̀mù, ó di ẹ̀bi ru fọ́ọ̀mù àtijọ́ náà, ó ní òun ni kò yẹ kó tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. Wọ́n jọ gbé e jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tán.

Ǹjẹ́ irọ́ kọ́ ni Eibhlín pa? Bí a bá ní ọ̀rọ̀ tí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu ni irọ́, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìwà wa kì í dúró sórí ọ̀rọ̀ nìkan. Ó ń béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dáàbò bò. Lójoojúmọ́ ni à ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, kò sì sí ẹni tó rò pé irọ́ ni à ń bẹ̀ Ẹ́ kó pa. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò mọ níbẹ̀. Obìnrin kan náà yìí ti sọ fún Cáit pé kò sí àṣírí nílé àwọn, pé ibi tí àṣírí bá wà, ìtìjú wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, àṣírí tó tóbi jù sì wà nínú yàrá tó ní kí ọmọ sùn sí: àwòrán ọkọ̀ ojú irin lára ògiri, aṣọ ọmọkùnrin nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dà bíi pé àṣírí méjì ló wà, tí a máa ń pa pọ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni èyí tí a bò fún ẹlòmíràn kí ojú má baà tì í, ìtọ́jú ni. Èkejì ni èyí tí a bò fún ara wa nítorí pé ẹnu kò tíì lè gbé e, ọgbẹ́ ni. Eibhlín mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa, ti èkejì sì borí rẹ̀. Obìnrin àdúgbò kan tó fẹ́ràn òfófó ló wá sọ òtítọ́ ikú ọmọ náà fún Cáit, lójú títì, bí ẹni ń sọ ìròyìn ọjà. A ti rí irọ́ tó ní ìwà nínú, a tún wá rí òtítọ́ tí kò ní ìwà. N kò sọ pé Eibhlín jàre pátápátá. Ohun tó yẹ kí ọmọ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹnu burúkú ló ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni nínú àwọn obìnrin méjèèjì ló jẹ́ olóòótọ́ sí ọmọ náà, n kò ní pẹ́ kí n tó dáhùn.

Ti Seán ṣòro láti kà ju èyí lọ, nítorí òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wo ojú ọmọ náà. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n jọ wà nídìí iṣẹ́ màlúù, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí i mọ́. Nígbà tó padà rí i, ó jágbe mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ ìtàn ilé náà yóò ní ọkùnrin yìí le. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ẹ̀rù ló jágbe, ẹ̀rù ẹni tí ọmọ ti ṣáko mọ́ lọ́wọ́ rí tí kò sì padà wálé. Seán kò bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ọmọ náà wà, ó gbé bisikíìtì kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Èyí kò tó àbọ̀ pàápàá, ó sì di odindi. Kí ló dé tí ó fi ṣeé ṣe? Nítorí pé Seán fi ọkàn tán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé yóò gbọ́ ohun tí ẹnu òun kò sọ. Láti ìgbà náà ló ti ń rán an lọ gbé lẹ́tà ní ẹnu ọ̀nà oko, tí ó sì ń fi aago ka bí ó ṣe ń sáré. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wò rí di ọmọ tí a ń fi aago wò.

Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ náà pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀kan ní ilé méjèèjì. Ní ilé àkọ́kọ́, Cáit dákẹ́ nítorí pé kò sí etí. Ní ilé kejì, ó dákẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó ń lé e kó sọ̀rọ̀. Seán tilẹ̀ sọ fún un, ní etí òkun lóru, pé kò pọn dandan kó máa sọ nǹkan, pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti pàdánù ohun púpọ̀ nítorí pé wọn kò lo àǹfààní tí wọ́n ní láti dákẹ́. Bí a bá wo ọmọ náà láti òkèèrè, ìwà kan náà ni a óò rí: ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Àwa tí a máa ń fi ìrísí dájọ́ ọmọ, tí a máa ń ní ọmọ báyìí gọ̀, ọmọ báyìí jẹ́ agídí, ó yẹ ká bi ara wa léèrè bóyá ìwà ọmọ ni à ń rí tàbí ìwà ilé tó ti wá.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo oore yìí jẹ́, fíìmù náà kò sì fojú fò ó. Nígbà tí báàgì bá bàbá lọ, aṣọ ọmọ tó kú ni Eibhlín wọ̀ fún Cáit. Ǹjẹ́ ọmọ yìí ni wọ́n gbà sílé, àbí wọ́n kàn gba ẹni tí yóò wọ aṣọ òkú? Ìbéèrè yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa ni a ń sọ ọmọ ní Rẹ̀mílẹ́kún, tí a ń sọ ọ́ ní Babátúndé, tí ọmọ ń tipa bẹ́ẹ̀ ti ọjọ́ ìkómọjáde gba iṣẹ́ tí òun kò béèrè: kó nu ojú ẹni tó ti ń sunkún kí ó tó dé. Ẹwà wà nínú àṣà yìí, ó ń so alààyè pọ̀ mọ́ ẹni tó ti lọ. Ewu náà wà níbẹ̀: ọmọ tí a gbà nítorí ẹkún wa, ẹkún wa ni a óò máa rí lára rẹ̀. Seán ló kọ́kọ́ sọ pé ó tó àkókò kí wọ́n ra aṣọ fún ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Eibhlín, nítorí pé ó dà bíi kí wọ́n tún sin ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n lọ sí ìlú, wọ́n ra aṣọ tó bá Cáit mu. Lójú mi, ibẹ̀ ni òwe àwọn àgbà ti ṣẹ: ẹkún ṣì wà lójú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà níwájú wọn ni wọ́n rí.

A lè wá padà sórí kókó tí àwa Yorùbá kì í fi sílẹ̀: orí. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ wa máa ń pín ìpín ẹ̀dá sí: àkúnlẹ̀yàn, ohun tí a fẹnu ara wa béèrè, àkúnlẹ̀gbà, ohun tí a fún wa láti fi dé ibẹ̀, àti àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ wa tí a kò lè sọ kalẹ̀. Ilé tí a ti bí ni wà lára èyí tí kò ṣeé sọ kalẹ̀. Cáit kò lè ní kí bàbá rẹ̀ má jẹ́ bàbá òun mọ́. Bó bá jẹ́ pé àyànmọ́ nìkan ló wà ni, à bá ti pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń gbàdúrà. A ń ní kí orí wa gbé wa ko alábàápàdé rere, kó má gbé wa ko ẹni tí yóò ṣe wá níbi. Kí ni àdúrà yìí jẹ́wọ́? Ó jẹ́wọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni orí ń gbà ṣiṣẹ́. Orí mi kò ní ọwọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan ló máa ṣílẹ̀kùn, ẹnì kan ló máa gbé bisikíìtì sílẹ̀, ẹnì kan ló sì máa gbàgbé báàgì nínú mọ́tò. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìwà rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Ara àkúnlẹ̀gbà ẹlòmíràn ni. Ìwà àgbà wà lára orí ọmọ.

Bí a bá gba èyí, ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ràn láti máa sọ yóò di ohun tí a kò lè sọ pẹ̀lú ìrọ̀rùn mọ́: bí orí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó dúró lókèèrè lè sọ ọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò lè sọ ọ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń pè ní orí.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyá àgbà ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n òwe wa kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òmíràn ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òmíràn tún jẹ́wọ́ láìtijú pé ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Kò yẹ ká fi ipá mú àwọn òwe yìí bára mu. Ọgbọ́n àti ẹ̀sùn ni wọ́n jọ jẹ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí láti Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ, inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti máa ń polówó wá ìdílé aláwọ̀ funfun tí yóò gba ọmọ wọn tọ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe fíìmù lórí èyí, Farming, ní 2018. Shola Amoo náà ṣe The Last Tree ní 2019: ọmọ Yorùbá kan, Fẹ́mi, dàgbà lọ́wọ́ obìnrin òyìnbó kan ní Lincolnshire, ìyá tó bí i sì wá mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ gan-an ni ó ti di àlejò. Ìyá náà kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ ń pa á, kò sì mọ ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè sọ ẹni tí ọmọ jẹ́ fún wa. Kò lè rí ọmọ náà bá wa.

Ẹnì kan lè ta kò mí níbí, àtakò rẹ̀ kò sì fúyẹ́. Ó lè ní: Eibhlín àti Seán lówó lọ́wọ́, ọmọ kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, oṣù díẹ̀ ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Ta ni yóò bá ìyá Cáit ka oyún, omijé, àwọn ọmọ tó kù àti ọkọ onítẹ́tẹ́? Ṣé ẹni tí ìyà kò jẹ́ kó gbójú sókè la fẹ́ dá lẹ́bi pé kò ríran? N kò ní èsì tó pé fún èyí. Mo lè ya ẹni tí kò lè rí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò fẹ́ rí. Ìyá náà lè wà ní ìhà àkọ́kọ́, bàbá tó ráyè ta tẹ́tẹ́ kò lè sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà yìí kì í hàn kedere nínú ilé gidi. Ó dá mi lójú pé òṣì ń jẹ ojú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé gbígbé bisikíìtì síwájú ọmọ kò gba ọrọ̀. Láàárín nǹkan méjì yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbé.

Ìparí fíìmù náà kò tú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Eibhlín àti Seán dá Cáit padà tí wọ́n sì fẹ́ máa lọ, ó sáré tẹ̀ lé mọ́tò wọn dé ẹnu géètì, ó so mọ́ Seán lọ́rùn. Láti èjìká rẹ̀, ó rí bàbá tó bí i tó ń bọ̀. Ó pe bàbá lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ bàbá tó ń pè. Àwọn kan yóò ní ọ̀kan jẹ́ ìkìlọ̀, èkejì jẹ́ orúkọ. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni bóyá ìgbà ooru yẹn ṣe é ní rere. Kí ó tó lọ, ìyà ń jẹ ẹ́, kò sì mọ̀ pé ilé lè rí bí òmíràn. Ní báyìí, ó mọ̀. Ṣé oore ni láti fi ohun tí kò ní í pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ hàn án, ká sì gbà á padà? Mo tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ní oore ni, nítorí ẹni tí kò rí òdiwọ̀n rí kò lè mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ni yóò san owó ìmọ̀ yẹn, kì í ṣe èmi, nítorí náà n kò lè fi í búra. Ohun tí mo rò pé a jẹ gbogbo ọmọ tó bá ya ilé wa, yálà a bí i tàbí wọ́n gbé e wá, ni pé kí a tó ní orí rẹ̀ ló gbé e dé ibi tó wà, kí a kọ́kọ́ béèrè ìwà ẹni tó wà nínú orí náà, kí a sì wò ó bóyá tiwa ni.